Àwòrán Ẹ̀gbọ́n Rẹ Lórí Páànù

Billstedt, Hamburg
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí mo fọṣọ tán

Títílayọ̀ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Wá ibi tí o máa jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí. Má kà á nínú ọkọ̀, má sì tíì kà á níṣojú Gbénga. Ìwọ nìkan ni kí o kọ́kọ́ kà á tán, lẹ́yìn náà kí o wá fún òun náà. Ara mi le. Òtútù ibí ti ń dínkù, mo sì ń jẹun dáadáa. Kò sẹ́ni tó lé mi kúrò ní yunifásítì. Brọ́dà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bọ̀ wálé ló máa mú ìwé yìí fún ọ, pẹ̀lú ohun pẹlẹbẹ kan tí mo fi aṣọ wé. Má tíì tú aṣọ náà.

O rántí ọjọ́ Sunday tí mo pè ọ́ kẹ́yìn láti ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń pe ilé, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Inú rẹ ń dùn. O ní ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín ti ní kí ẹ̀yin méjèèjì mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá, pé Gbénga ti ṣe tirẹ̀, AS ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo bi ọ́ pé, "Ìwọ ńkọ́?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? AA ni mí. Ó wà nínú káàdì ilé-ìwé mi, àkọ̀wé ìgbìmọ̀ sì ní ìyẹn náà ti tó. Ẹ fọkàn yín balẹ̀ jàre."

Mo di fóònù mú. Ọkùnrin kan ń kan gíláàsì lẹ́yìn mi pé kí n jáde kí òun náà pe ilé. Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Bá mi kí Gbénga." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ó máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́la tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ náà kiri.

Àbẹ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò rí. Mi ò mọ ohun tí o jẹ́, bàbá rẹ náà kò mọ̀. Òun ló kọ AA sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí o fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga. Mo jókòó tì í. Mo rí bíìrò náà bó ṣe ń lọ lórí ìwé, mi ò sọ nǹkan kan. AS ni èmi. AS ni bàbá rẹ. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé o ní ẹ̀gbọ́n kan.

Káyọ̀dé lorúkọ rẹ̀.

Tí o bá fẹ́ sunkún, sun ún kí o tó máa bá ìwé yìí lọ. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ Jámánì ni ẹnu mi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àwọn ará Mẹ́síkò ló là mí lẹ́nu. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

O mọ irú ẹni tí ìyá rẹ jẹ́. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní iṣẹ́ ọnà, síbẹ̀ bí mo bá wọ yàrá tí mi ò mọ ènìyàn, ẹ̀yìn ni mo máa ń wá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe níbí. Nínú kíláàsì wa, èmi ni mo dàgbà jù, olùkọ́ wa gan-an kò tó mi lọ́jọ́ orí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni mo ń jókòó sí. Mi kì í sọ̀rọ̀, wíwò ni mo ń wò. Mo mọ ẹni tó máa ń kọ́kọ́ wo aago, mo mọ ẹni tó ní ọ̀rẹ́kùnrin tuntun. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo ti ń jẹ ìrẹsì mi látinú kúlà, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí pé kí ló ń ta sánsán. Oṣù méjì kọjá tí kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi lójúkojú, àfi Màmá Tósìn, onílé mi, tó ń pè mí ní Ìyá Oníwèé.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá bá mi lábẹ́ àtẹ̀gùn náà ni Rosío, ọmọbìnrin ará Mẹ́síkò kan tí kò ju ìwọ lọ. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn jókòó, ó sì ní kí n fún òun ní dòdò kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ṣadé, bí ẹni pé a jọ ṣeré òṣùpá ni. Ó kọ́kọ́ ń bí mi nínú. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa fún wa ni kí kálukú yan àwòrán kan láti Mẹ́síkò, kó sì ṣàlàyé rẹ̀. Àwòrán kéékèèké orí páànù ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nílẹ̀ wọn, bí ẹnì kan bá bọ́ nínú ewu, ó lè lọ bá ayàwòrán àdúgbò kó bá a ya ìṣẹ̀lẹ̀ náà sórí páànù tí kò ju ojú ìwé kan lọ. Wọn kì í fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n máa ya ẹṣin tó ta á nípàá, tàbí iná tó jó ilé rẹ̀, tàbí ibùsùn tó fi ọjọ́ mẹ́ta rọbí lé. Lókè, ní igun kan, wọ́n máa ya ẹni mímọ́ tó ké pè. Nísàlẹ̀, wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i àti ọpẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo ayé máa kà á.

Mo ka ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ló ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan kọ ọ́ pé ọkọ òun fẹ́ lu òun pa. Ọ̀kan kọ ọ́ pé ọmú òun ni wọ́n gé. Mo rántí bí àwa náà ṣe ń jẹ́rìí nílé. O ti gbọ́ mi tí mo ń jẹ́rìí rí: "Ará, ẹ bá mi yin Olúwa. Ìṣòro kan wà tí mo ní, Olúwa ti yanjú rẹ̀." Wọ́n á ké halelúyà, màá sì jókòó. Ìṣòro kan. Ogún ọdún ni mo fi jẹ́rìí ìṣòro kan, kò sì sí ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà tó mọ̀ bóyá orí ló fọ́ mi tàbí ọmọ ló kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, Rosío na ìka sí etí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ó ní, "Ta ni ọmọkùnrin tí o máa ń yà yìí?"

Mo ní, "Ọmọ wo?"

"Èyí tó di orúnkún rẹ̀ mú. Ó wà níbí, ó wà níbí, ó tún wà lẹ́yìn ìwé."

Mo ní kì í ṣe ẹnì kankan, pé ọwọ́ mi kàn ń ṣeré ni.

Ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Ṣadé, ẹni tí kì í ṣe ẹnì kankan kì í ní sálúbàtà tí wọ́n fara balẹ̀ ya ìdè rẹ̀ tó báyìí."

Mo pa ìwé náà dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kíláàsì wa lọ sí Berlin láti wo ìpàtẹ àwòrán Mẹ́síkò. Ilé Sísítà Bísí, ọmọ ìjọ wa kan ní Spandau, ni mo sùn sí, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin U7 lọ bá wọn. Yàrá àkọ́kọ́ tóbi bíi gbọ̀ngàn. Àwòrán àwọn ọkùnrin ló wà níbẹ̀, ogun, ilé iṣẹ́, àsíá, àwọn àgbẹ̀ tó gbé ọ̀bẹ sókè. Ibẹ̀ ni gbogbo èrò dúró sí. Mo bọ́ sí yàrá kékeré ẹ̀yìn nítorí pé èrò ibẹ̀ kò pọ̀.

Àwòrán òkú ọmọ ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, wọ́n dé adé òdòdó sí i lórí, ìyá rẹ̀ gbé e sí itan, ó sì ń wo ẹni tó ń wò ó. Rosío ní ohun tí àwọn ń ṣe láyé àtijọ́ nìyẹn, pé kí wọ́n tó sin ọmọ, wọ́n á pe ayàwòrán. Inú bí mi. Mo ní irú ìwà wo nìyẹn. Mo yí ojú kúrò, ojú mi sì bọ́ sára èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan ló ya ara rẹ̀ síbẹ̀. Ó jókòó gbọọrọ lórí àga, ó wọ aṣọ àwọn ará ìlú rẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, kò sì fá irun díẹ̀ tó wà lókè ètè rẹ̀ kúrò. Ó so ìborùn gígùn tí wọ́n fi ń gbé ọmọ mọ́ àyà, bí a ṣe ń so ọ̀já, ó fi ọwọ́ kan gbà á nísàlẹ̀ kó má bàa já. Kò sí ọmọ nínú rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, mo wá ibi tí mo máa jókòó sí. Orí àga gígùn tó wà níbẹ̀ ni mo bá ara mi. Obìnrin Jámánì tó ń ṣọ́ yàrá náà gbé omi wá fún mi, ó padà sí àyè rẹ̀. Rosío jókòó. Mo sọ fún un ní èdè Jámánì mi tí kò já geere: mo ní ọmọkùnrin kan, ó kú. Bóyá nítorí pé èdè náà kì í ṣe tèmi ni ẹnu mi fi lè gbé e.

Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Láti ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ ọ́. Ó gbìyànjú láti pè é, kò pè é dáadáa, ó tún un pè.

"Ibo ni wọ́n sin ín sí?"

"Mi ò mọ̀."

Ó yí wò mí. Mo ní wọn kì í fi sàréè ọmọ han ìyá àti bàbá nílẹ̀ wa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé ló gbé e lọ. Àwọn tó wá kí wa ní kí n má sunkún, pé òmíràn ń bọ̀. Ìyá bàbá rẹ kó aṣọ rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó tún rí wọn mọ́.

Rosío yí padà wo àwòrán òkú ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwa ń wọ òkú láṣọ bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó, ẹ̀yin ń fi ọmọ pamọ́ bí ẹni jí i gbé. Mi ò mọ èyí tó burú jù. Dìde, jẹ́ ká lọ jẹun."

Mo rẹ́rìn-ín, Títí. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú níwájú àwọn Jámánì.

Jẹ́ kí n wá sọ ẹ̀gbọ́n rẹ fún ọ. Ìlẹ̀ṣà la bí i sí. Oṣù méje ló wà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wú. Nígbà ọyẹ́, ó máa di orúnkún rẹ̀ mú, ó máa ní kí n bá òun bẹ orúnkún náà kó dákẹ́. Ó fẹ́ràn búrẹ́dì tí a rì sínú tíì. Sálúbàtà pupa kan ni kì í bọ́, ó ń wọ̀ ọ́ sùn. Nígbà tí a bí ọ, ó ní òun ló ni ọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ láìtọrọ lọ́wọ́ òun. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró ni, nígbà tí ìrora náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò sì lọ.

Dókítà ti ṣàlàyé fún wa kó tó kú. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì wò, ó ní AS ni wá, pé ohun tó ń ṣe ọmọ náà ni fòníkú-fọ̀ladìde. Bàbá rẹ ya ìwé náà. Ó ní kò sí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ní irú ikùn wo lèyí, àwọn ẹbí sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Wòlíì kan wá gbàdúrà sí ọ lórí, ó ní a ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ́. Ibẹ̀ ni AA tí bàbá rẹ kọ ti wá. Má bínú sí i jù. Ó ti dolóògbé báyìí. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun.

A kó kúrò ní Ìlẹ̀ṣà. Ní Adó, obìnrin ọ̀kánkán wa pè mí ní Ìyá Títí. Wo bí mo ṣe tètè dáhùn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ Ìyá Káyọ̀dé mọ́. Mo tún kọ̀ láti bí òmíràn, wọ́n pè mí ní oríṣiríṣi orúkọ, mi ò sọ ìdí fún wọn. Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo rò pé bí mo bá pa ẹnu mi dé, ìyà náà á parí sórí mi. Kò parí. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ báyìí, ẹnu mi tí mo pa dé ló la ọ̀nà fún un.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí.

Kí o tó tún ra ohunkóhun fún ìgbéyàwó yìí, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Ilé ìwòsàn méjì ni kí o lọ, kí ọ̀kan má bàa ṣì í. Kí Gbénga bá ọ lọ. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi gba ìwé náà, ojú ara rẹ ni kí o fi kà á. Má ṣe gba ti káàdì ilé-ìwé, bí àkọ̀wé ìgbìmọ̀ tilẹ̀ jẹ́ ẹni Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé o kì í ṣe SS, ara rẹ ti sọ ìyẹn. Bí o bá jẹ́ AA, ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó yín, kí ẹ sì máa fi mí rẹ́rìn-ín títí ayé. Bí o bá jẹ́ AS, mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, dúró. Mi ò ní pàṣẹ fún ọ, o ti kúrò ní ẹni tí à ń pàṣẹ fún. Àwọn tó ní àìsàn yìí wà tí wọ́n dàgbà, tí wọ́n kàwé, tí wọ́n sì bímọ. Mi ò sì sọ pé kò yẹ kí Káyọ̀dé wáyé. Ọdún márùn-ún rẹ̀ dùn mọ́ mi ju ogún ọdún tó tẹ̀lé e lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí o bá máa wọnú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí o la ojú wọ ọ́.

Bó bá sì di ohun tí ẹ̀yin méjèèjì máa sunkún lé lórí, ẹ jọ sun ún. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ikùn rẹ ni. Ẹni méjì ló ń fún ọmọ ní ẹ̀jẹ̀. Bí Gbénga bá ya ìwé náà, o ti mọ ohun tí o fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan tí kò jọ èyí, ṣùgbọ́n ibì kan náà ló ti wá. Nígbà tí mo dé ibí, mo ra kóòtù dúdú kan kí n lè dà bíi gbogbo èrò inú ọkọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti rí obìnrin tó so ìborùn òfo yẹn, mo ti ń wọ bùbá àdìrẹ mi lọ sí kíláàsì. Màmá Tósìn rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Oníwèé, òtútù máa gbé yín lọ lónìí o, a ò ní rí òkú yín gbé." Mo ní kó má ṣèyọnu, pé ṣẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lábẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé, ilé ọkọ yòówù tí o bá wọ̀, wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ara rẹ. Má bọ́ ara rẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà.

Ó kù díẹ̀. Wá tú aṣọ náà wàyí.

Páànù òróró ẹ̀pà Màmá Tósìn ni. Mo fi àlùmọ́gàjí gé e, mo fi yanrìn ha etí rẹ̀ kó má bàa gé ọ lọ́wọ́. Ọmọ tó wà lórí ibùsùn yẹn, òun ni. Èmi ni mo jókòó lórí àpótí. Ìwọ ni o wà lẹ́yìn mi, o ń na ọwọ́ sí sálúbàtà rẹ̀. Kò sí fọ́tò tí mo wò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nìyẹn, ojú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nísàlẹ̀, mo kọ ọ́ pé: *Káyọ̀dé, ọmọ Fọláṣadé, ará Ìlẹ̀ṣà. Ó gbé ọdún márùn-ún láyé.*

Nígbà tí mo fi han Rosío, ó ní ọpẹ́ dà, pé wọn kì í ṣe é láìsí ọpẹ́. Mo ní ọmọ tó kú, ọpẹ́ kí ni mo fẹ́ dá? Ó ní òun ò mọ̀, pé kí n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Àyè tí o rí lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Ìwọ lo ni ín. Lọ́jọ́ tí ìwé àyẹ̀wò bá dé ọwọ́ rẹ, ohun yòówù tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, kọ ọ́ sí àyè náà, kí o kọ orúkọ rẹ sí i. Kí o gbé e kọ́ sí pálọ̀, níbi tí àlejò máa ti rí i. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni, sọ fún wọn.

Màá wà ní ṣọ́ọ̀bù ìpè ní gbogbo ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn láti pè ọ́. Bí ọkùnrin yẹn bá fẹ́, kó kan gíláàsì títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dùn ún. Mi ò ní gbé fóònù sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni,
Ìyá Káyọ̀dé àti Títílayọ̀